Nixon Kọ́ Ló Bẹ̀rẹ̀ Ìgbohùnsílẹ̀ ní Ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà

Bí ọ̀rọ̀ Richard Nixon bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ààrẹ tó ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ ni, àti pé ìwà yẹn ló gbé e kúrò lórí àlééfà. Ọ̀pọ̀ tilẹ̀ gbà pé òun ló dá àṣà náà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ààrẹ márùn-ún ló ti gba ohùn sílẹ̀ ní White House kí Nixon tó débẹ̀: Franklin Roosevelt, Harry Truman, Dwight Eisenhower, John Kennedy àti Lyndon Johnson. Lóòótọ́, díẹ̀ ni Truman àti Eisenhower gbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò fọwọ́ kàn án nínú wọn. Kódà nígbà tí Nixon wọlé ní 1969, ṣe ló ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ tí Johnson fi sílẹ̀ kúrò, ó sì di oṣù kejì ọdún 1971 kó tó yí ọkàn padà.

Ohun tó mú Roosevelt bẹ̀rẹ̀ ni pé ní 1939, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan síta pé òun ló sọ ọ́ nígbà tó ń bá àwọn aṣòfin ṣèpàdé, ó sì ní òun kò sọ ọ́. Ní 1940, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan sí yàrá tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì fi gbohùngbohùn pamọ́ sínú àtùpà orí tábìlì rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan tí ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ fún un, ó gba ìpàdé kan sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú mẹ́ta, A. Philip Randolph, Walter White àti T. Arnold Hill, wá bá ààrẹ pé kí wọ́n dẹ́kun yíya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Nínú fọ́nrán náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ ogun ojú omi, Roosevelt dábàá pé kí wọ́n fi ẹgbẹ́ olórin aláwọ̀ dúdú sínú àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí àwọn àlejò rẹ̀ bá wá kọ́ nìyẹn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí White House fi kéde pé yíyà sọ́tọ̀ náà yóò máa bá a lọ, agbẹnusọ ààrẹ sì jẹ́ kó dà bí ẹni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí i. Wọ́n pariwo pé àwọn kò fọwọ́ sí nǹkan kan, láìmọ̀ pé ohùn wọn wà nínú ẹ̀rọ.

Kennedy ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1962. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí James Meredith, ọmọ aláwọ̀ dúdú, fẹ́ wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ Mississippi, tí wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sí, tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, tí èèyàn méjì sì kú. Àwọn ìpè tí ààrẹ fi bá Gómìnà Ross Barnett sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn náà wà nínú fọ́nrán dòní.

Ti Johnson ló pọ̀ jù nínú ti àwọn márùn-ún, nítorí pé orí tẹlifóònù ló ti ń ṣèjọba. Bó bá fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, á kàn fi ìka yí afẹ́fẹ́ po, akọ̀wé rẹ̀ á sì tan ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1965, ọjọ́ tí Martin Luther King pé ọmọ ọdún 36, àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ìdìbò. King fi ìṣirò òṣèlú bá a sọ̀rọ̀: ó rán an létí pé àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ní Gúúsù tí Johnson kò ti jáwé olúborí nínú ìbò ààrẹ 1964 jẹ́ ibi tí iye aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò kò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Johnson ní kí King wá ibi tí ìyà náà ti burú jù, irú ibi tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn ka ewì sórí kó tó lè dìbò, kí wọ́n sì máa gbé e sórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti àga ìwàásù títí yóò fi yé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé Johnson ló kọ́ King lóhun tí yóò ṣe ní Selma, ìlú tí King ti jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Alabama, ti sáré jù, nítorí pé láti ọjọ́ kejì oṣù náà ni King ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó sì yẹ kí a rántí pé nínú àwọn méjèèjì, ààrẹ nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé ìtàn yóò gbọ́ òun lè máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Ibi tí Nixon ti yàtọ̀ gan-an nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ tirẹ̀ kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni: bí ohùn bá ti dún nínú yàrá, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí tí fọ́nrán fi ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wákàtí lọ. Gbígba ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló pa á. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo CIA, àjọ amí ilẹ̀ òkèèrè, láti dá FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, dúró nínú ìwádìí lórí àwọn tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Watergate. Nígbà tí àṣírí ẹ̀rọ náà tú ní 1973, ó kọ̀ láti kó fọ́nrán náà sílẹ̀, títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1974, adájọ́ mẹ́jọ sí òdo, pé dandan ni kó kó o sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó tẹ̀lé e, ó fi ipò sílẹ̀.

Bí ìgbàgbọ́ òdì náà ṣe fìdí múlẹ̀ kò ṣòroó lóye. Ipá ni wọ́n fi ṣí ti Nixon lójú gbogbo ayé, nígbà tí ti àwọn yòókù wà nínú àpótí. Ó di 1982 kí aráyé tó mọ̀ nípa ti Roosevelt. Johnson ní tirẹ̀ ti ní kí wọ́n ti tòun pa fún ó kéré tán àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú òun, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1973. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 lórí àkọsílẹ̀ ikú Kennedy ló já àdéhùn yẹn, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn fọ́nrán náà síta láti 1993, ogún ọdún lẹ́yìn tí ẹrù náà ti dé orí Nixon nìkan.