Oúnjẹ nínú yàrá tí èkúté náà ń gbé

Nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Aké, Ìtòkò àti ẹsẹ̀ àpáta káàkiri Abẹ́òkúta, yàrá kan náà ni bẹ́ẹ̀dì wà, ibẹ̀ náà ni àpò ẹ̀wà àti gàrí wà. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ pa gbogbo eku àdúgbò tán. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí òórùn oúnjẹ má dé imú wọn, kí eyín wọn má sì ríbi dì mú.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ló nílò ìṣọ́ kan náà. Ìbéèrè tó yẹ ká fi ya ẹrù sọ́tọ̀ ni pé, ṣé èyí ṣì máa rí iná kó tó dé ẹnu? Ẹ̀wà máa hó lórí iná, láfún máa bọ́ sínú omi gbígbóná. Gàrí tí wọ́n fẹ́ mu kò ní rí ju omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà lọ. Ìtọ̀ eku tó bá kán sí i lóru, ó di inú ikùn lọ́sàn-án. Ọ̀nà kan tí ibà Lassa ń gbà ran èèyàn nìyẹn. Irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló máa ń gbé àrùn náà kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní ṣàìsàn. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Iná máa ń pa kòkòrò àrùn náà. Nítorí náà, gàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, búrẹ́dì, mílíìkì, àti ṣíbí pẹ̀lú abọ́ ìjẹun, àwọn ló ni ohun ìkóǹkansí tó le jù nínú ilé. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe: wọ́n á dé ẹ̀wà mọ́ kẹ́ẹ̀gì pinpin, wọ́n á wá fi àwo bo gàrí lásán, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bù ú.

Eyín eku ń dàgbà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, dandan ni kó máa gé nǹkan. Ọ̀rá, páálí àti àpò kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Garawa onírin tí ìdérí rẹ̀ ń mú dáadáa ló dára jù. Rọ́bà tó nípọn náà ń ṣiṣẹ́, bí ara rẹ̀ bá dán, tí etí ìdérí rẹ̀ kò sì yọ síta, torí etí ni eku ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí etí ìdérí náà po: ibi tí èékánná bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, eyín á wọ ibẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ti fi po ọ̀dà ilé kì í ṣe ti oúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Gàrí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á làágùn sábẹ́ ìdérí, á sì bu.

Ẹ̀wà ní ọ̀tá tirẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ kì í ti inú ilé bẹ̀rẹ̀, láti oko ló ti ń bá a dé ọjà Láfẹ́nwá. Abo rẹ̀ á yé ẹyin funfun tín-ín-tìn-ìn-tín sára èso, ọmọ á dá ihò wọlé, á máa jẹ inú rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin á di àgbà, á já síta. Èyí tó ń rìn lórí ẹ̀wà kì í jẹ ẹ́ rárá. Èyí tí ojú kò rí ló ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí fífẹ́ àti ṣíṣà kò fi ń tán an.

Afẹ́fẹ́ ni ká gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ọrùn, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tún rọ sí i, ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ́ ìdérí pa. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á dáwọ́ jíjẹ dúró, á gbẹ kú. Kẹ́ẹ̀gì tó dé ìdajì kò ní ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣí i fún oṣù méjì. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún mélòó kan sì sàn ju ńlá kan tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ lọ. Àpò onípele mẹ́ta tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ nínú yàrá eléku, ihò kan ṣoṣo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oògùn kòkòrò olómi tí àwọn kan ń wọ́n sí ẹ̀wà, májèlé ni. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015.

Láfún, ẹ ṣẹ́ ègé kan wò kẹ́ ẹ tó rà á. Bó bá dún kẹ́, ó ti gbẹ. Bó bá rọ̀, orí àpáta tí wọ́n sá a sí kò tíì rí oòrùn tó. Èyí tó bá ti bu dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ dà á nù, torí májèlé inú èébu kì í bá sísè lọ.

Ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ sì fi àyè sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìgbálẹ̀ lè dé ibẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń gbé lé ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ lálẹ́, ọgbọ́n gidi ni. Ihò tí pẹ́ńsùlù bá wọ̀, ọmọ eku á gba ibẹ̀. Ẹ fi wáyà dí i kẹ́ ẹ tó fi sìmẹ́ńtì lé e. Ọta pia-pia kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí oúnjẹ wà.

Bí ìgbẹ́ eku bá wà nílẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń wọ imú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po Jik ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, ẹ dà á lé e, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó fi àkísà nù ún. Gàrí tí ìgbẹ́ bá ti bọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà nù, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Àmì ibà Lassa lè pẹ́ tó ọjọ́ 21 kó tó hàn, ó sì máa ń jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀. Bí ara ẹnì kan nínú ilé bá ń gbóná, tí oògùn ibà kò mú un lọ, ohun tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ gbọ́ ni pé eku wà níbi tí oúnjẹ wà.