Kí ló dé tí restorecon, àṣẹ Linux tó ń tún àmì ààbò ara fáìlì ṣe, ń dákẹ́, tí àmì náà kò sì yí padà?

Àbúrò kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Adó. Ó kó ojú ìwé tuntun sórí sáfà, 403 nìkan, ìyẹn "o kò láṣẹ láti wò ó", ni sáfà ń kọ sí i lójú.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe chmod 777, mo ti fún gbogbo ènìyàn láṣẹ lórí fáìlì náà. Kí ló tún kù?

Kọ́kọ́ dá 777 yẹn padà ná, o ti ṣílẹ̀kùn fún olè. SELinux, ẹ̀ṣọ́ inú Linux tó ń pinnu ètò tó lè fọwọ́ kan fáìlì kọ̀ọ̀kan, ló dá ọ dúró. Àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ló ṣe é, wọ́n gbé e síta lọ́dún 2000, ó sì wọ inú Linux gan-an ní 2003. Gbogbo fáìlì ló ní àmì tirẹ̀ lára. Tẹ ls -Z, wàá rí nǹkan bí unconfined_u:object_r:user_home_t:s0. Ẹ̀ka kẹta, user_home_t yẹn, ni kó o tẹjú mọ́.

Ṣé o mọ ẹni tó ń pín iyán níbi òkú àgbà? Aṣọ ẹbí ló ń wò, kì í wojú. Bẹ́ẹ̀ ni httpd, ètò tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì síta. Fáìlì tó wọ httpd_sys_content_t ló máa kà. User_home_t, aṣọ ilé onílé ni.

Ṣùgbọ́n inú /var/www/html ló wà!

Mv lo fi gbé e láti ilé rẹ, àbí? Ẹni tó ti kánópì kan bọ́ sí òmíràn kì í bọ́ṣọ lójú ọ̀nà. Ká ní cp lo lò ni, ẹ̀dà tuntun ni ì bá jẹ́, kánópì tó bá ara rẹ̀ ni ì bá fún un láṣọ. Restorecon -v lórí fáìlì náà ti tó.

Àwọn fọ́tò ìpàdé wa wà ní /aworan. Mo lo chcon, ó ṣiṣẹ́. Ẹnìkan ṣe restorecon, ó tún bàjẹ́.

Chcon kàn pààrọ̀ aṣọ ni, kò kọ ọ́ sínú ìwé òfin SELinux. Ìwé sì ni restorecon ń kà. Kò rí ohunkóhun nípa /aworan níbẹ̀, ó dá a padà sí default_t, aṣọ ohun tí ìwé kò mọ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé:

semanage fcontext -a -t httpd_sys_content_t "/aworan(/.*)?"

Lẹ́yìn náà ni restorecon -Rv /aworan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jìn sí kòtò: wọ́n á ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n á lọ sùn. Semanage kì í fọwọ́ kan fáìlì kankan.

Kí ló dé tó máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn, tí kò ní ṣe nǹkan kan?

Bí o kò bá fi -v sí i, kì í sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí -R, fódà nìkan ló máa tún ṣe, kò ní wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀nyẹn rọrùn.

Èyí tó gba òru kan gbáko lọ́wọ́ mi rí ni pé àwọn àmì kan wà, bíi container_file_t, tí restorecon gbà pé alábòójútó mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Á fò wọ́n. Orúkọ wọn wà nínú fáìlì customizable_types, ní /etc/selinux/targeted/contexts. -F nìkan ló ń borí wọn. Òun náà ló ń tún ẹ̀ka yòókù ṣe, torí láìsí i, ẹ̀ka kẹta nìkan ni restorecon ń pààrọ̀. Má kàn sáré lò ó o: fi -n kún un pẹ̀lú -v kó o kọ́kọ́ rí ohun tó fẹ́ ṣe.

Ṣé mi ò kúkú lè pa SELinux?

Setenforce 0, tó ń ní kí SELinux yé dènà fúngbà díẹ̀, dára fún ìdánwò. Bí 403 bá lọ, o ti mọ ọ̀daràn. Dá a padà sí 1 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá pa á pátápátá, fáìlì tó bá ṣe lásìkò yẹn kò ní ní àmì kankan, ọjọ́ tó bá fẹ́ tan án padà, àfi touch /.autorelabel, kó tún sáfà tàn, kó sì jókòó tì í títí tá á fi fi àmì sára gbogbo fáìlì orí díìsìkì tán. Bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa yìí, kún jẹnẹrétọ̀ rẹ ná.