Ẹ Má Tíì Ra Nǹkan Kan: Ọ̀nà Oko Ni Yóò Sọ Ohun Tí Kẹ̀kẹ́ Yín Ń Fẹ́

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù ni pé, "Ọ̀gá, kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ lára kẹ̀kẹ́ yìí kó lè lágbára?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: ibo lẹ ń gùn ún lọ? Kẹ̀kẹ́ onígíà, onítáyà ńlá, tí wọ́n ṣe fún òkè àti igbó, tí gbogbo wa ń pè ní mountain bike, kì í jẹ irú ìyà kan náà níbi gbogbo. Èyí tó ń lọ bọ̀ lórí títì láàárín Alágbàká àti Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́ níbí yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ ọ̀nà oko lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé, ká má tíì sọ ti èyí tó ń kọjá lábẹ́ igi kòkó àti lórí àpáta lágbègbè Ìdànrè.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ mú ọ̀nà kan, kẹ́ ẹ máa gùn ún déédéé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, gbogbo ohun tó bá yí padà lára kẹ̀kẹ́ lẹ ó tètè gbọ́, tí ẹ ó sì tètè mọ̀ lára. Ohun tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀, tàbí tó kọ́kọ́ já yín láyà, ni kẹ́ ẹ náwó lé lórí. Mo ti rí ẹni tó ra fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kù, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, olówó gọbọi sórí kẹ̀kẹ́ tí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ ti jẹ dé irin. Ó dùn mí gan-an, torí kò sí fọ́ọ̀kì tó lè dá èèyàn dúró bó bá ń já bọ̀ látorí òkè.

Ilẹ̀ tiwa níbí pupa, ó sì ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Nígbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá títí wọ Oṣù Kejì, eruku rẹ̀ kì í fi ihò kankan sílẹ̀. Bí òjò bá ti dé, ẹrẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní lè yí mọ́ láàárín férémù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹrẹ̀ ló ń ba ṣéènì jẹ́ jù. Lójú tèmi, eruku ọyẹ́ burú jù ú lọ, torí ẹrẹ̀ ń hàn, èèyàn á fọ̀ ọ́. Eruku a máa rọra pò mọ́ epo ara ṣéènì, á sì máa lọ irin bí ọlọ.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí ẹni tó ń da ẹ́ńjìn ọ́ìlì dúdú, èyí tí wọ́n fà jáde lára ọ̀kadà, sí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ó ki, irin kíkúnná ti wà nínú rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìn tó ti wá, gbogbo eruku tó bá sì pàdé ló ń fà mọ́ra. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ ṣéènì, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bẹ́ ò bá rí epo tí wọ́n ṣe fún ṣéènì rà, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn télọ̀ ń fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ yóò ṣe é. Ẹ kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àkísà nu gbogbo ìta ṣéènì títí ọwọ́ yín ò fi ní dọ̀tí mọ́ bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Inú ìsopọ̀ ni epo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó kù síta, eruku ló ń kó jọ. Èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo, bíi WD-40, dára fún lílé omi kúrò lára irin, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára ṣéènì. Ẹ má sì fín in sí ibi tí bẹ́ríǹ wà, torí yóò fọ gíríìsì ibẹ̀ dànù. Bákan náà ni omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò: ó ń ti ẹrẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà níbi tí sípóòkù ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé.

Ṣéènì a máa gùn sí i bó ṣe ń jẹ, rúlà onírin sì tó láti fi mọ̀. Láti àárín píìnì kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdajì ínṣì, ìyẹn mílímítà 12.7. Ẹ fa ṣéènì le, ẹ fi òdo rúlà sí àárín píìnì kan, kẹ́ ẹ wá ka píìnì 24 síwájú: ó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ínṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi 1/16 ínṣì lé, àsìkò tó láti ra ṣéènì tuntun. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ tó fi lé ní 1/8 ínṣì, ó ti jẹ eyín sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, àwo eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, mọ́ ọn nìyẹn. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ yóò máa fò, pàápàá nígbà tẹ́ ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè, tí gbogbo ara yín sì wà lórí ẹsẹ̀ kan. Owó ṣéènì kan nígbà tó yẹ sàn ju owó ṣéènì pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ariwo wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ gbọ́, torí òun ló ń mú kí èèyàn ra ohun tí kò nílò. Ọmọ ilé-ìwé kan láti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú wa níbí, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní bẹ́ríǹ àárín ti lọ, kí n ra tuntun." Mo ní kó gùn ún yí po níwájú ṣọ́ọ̀bù ná. Ó ń dún kọ́, kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bí pẹ́dà bá ti yí po. Mo ní kó má wa pẹ́dà mọ́, kó kàn jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ. Ariwo dákẹ́: kì í ṣe táyà, kì í ṣe họ́ọ̀bù. Mo ní kó dìde kúrò lórí ìjókòó kó wà á lóòró. Ó ṣì ń dún: ìjókòó kọ́. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó fi tòsì, ó tún dún: kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di apá pẹ́dà òsì mú, mo fà á sọ́dọ̀ ara mi, ó sì mì lọ́wọ́ mi. Bóòtù tó dè é mọ́ ọ̀pá àárín ló ti tú. A yọ ọ́, a nu yanrìn kúrò nínú ihò onígun mẹ́rin rẹ̀, a dá a padà, a sì fún un le.

"Ọ̀gá, ṣé mi ò ní ra bẹ́ríǹ náà mọ́ ni?"

"Kò nílò rẹ̀, ọmọ mi. Tọ́jú owó ẹ."

Ohun tó gbà wá kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti ń gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ, ihò onígun mẹ́rin yẹn ìbá ti fẹ̀, kò sì sí bóòtù tó lè mú un dúró mọ́. Ariwo tó bá ń bá pẹ́dà rìn, apá pẹ́dà, pẹ́dà fúnra rẹ̀, ṣéènì àti ọ̀pá àárín ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Èyí tó bá ń bá táyà rìn, tí kò dákẹ́ bẹ́ ẹ tiẹ̀ dáwọ́ pẹ́dà dúró, ẹ wo sípóòkù, bíréèkì àti họ́ọ̀bù. Èyí tó ń dún kìkì bẹ́ ẹ bá fún bíréèkì iwájú tẹ́ ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú-sẹ́yìn, bẹ́ríǹ ọrùn fọ́ọ̀kì ló ti tú. Nǹkan mìíràn tó ń ba apá pẹ́dà jẹ́ rèé: òdìkejì ni wọ́n ń de pẹ́dà òsì. Sí òsì lẹ ó yí i kó tó le, sí ọ̀tún kó tó tú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa fi agbára yí i sódì títí tíréèdì á fi jẹ dànù.

Bí ọ̀nà bá ti fi hàn yín pé kẹ̀kẹ́ ń yọ̀, táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ewé kòkó tó ti já sílẹ̀ máa ń bo gbòǹgbò àti òkúta mọ́lẹ̀, lẹ́yìn òjò ó sì ń yọ̀ gidigidi. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dán kò lè di ibẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ń fún táyà kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fún táyà mọ́tò akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ táyà tó le jù a máa ta lórí òkúta, kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Fún táyà 26 × 2.1 tó ní túùbù, PSI (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó) 30 sí 40 dára fún ọ̀nà oko. Ẹni tó bá sanra á súnmọ́ 40, ẹni tó bá fúyẹ́ á súnmọ́ 30, kó ṣáà má jáde kúrò nínú iye tí wọ́n kọ sára táyà. Túùbù tó bá sì jò, ẹ jẹ́ kí ihò rẹ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: afẹ́fẹ́ kéré jù, rímù ló fún túùbù mọ́ òkúta. Ihò kan lójú òde: ẹ̀gún tàbí ìṣó, ẹ fi ìka rọra wá inú táyà kẹ́ ẹ tó ti túùbù padà. Ihò lápá ibi tí rímù wà: orí sípóòkù kan ló yọ.

Lọ́jà, wọ́n lè sọ fún yín pé 26 ni 26. Kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà 26 × 1.95 àti 26 × 1⅜ kì í wọ rímù kan náà. Ẹ wo nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 559 ni ti kẹ̀kẹ́ òkè onínọ́ńbà 26, 590 ni ti 26 × 1⅜. 584 ni 27.5, 622 sì ni 29. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Bíréèkì ni mi ò gba àwáwí lé lórí. Lọ́jọ́ 21 Oṣù Kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ eré ìje sísọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní Marin County ní California, Repack ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ń gùn, bíréèkì rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, gíríìsì inú rẹ̀ a sì máa gbóná títí yóò fi di èéfín kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á tú họ́ọ̀bù, wọ́n á kó gíríìsì tuntun sí i, kí wọ́n tó tún gòkè. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè ti jẹ́ ọ̀rọ̀ bíréèkì. Lórí ọ̀nà olókùúta wa, ẹ má fún bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ tún fún un, kó lè rí afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ oní-rọ́bà tó ń mú rímù, ẹ máa yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lójú rọ́bà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìrìn òjò. Bí ẹ̀gbẹ́ rímù bá ti wọnú bí ẹ bá fìka pa á, rímù náà ti tán. Bó bá jẹ́ onídísìkì, ẹ má jẹ́ kí epo ṣéènì kán sí dísìkì, ẹ má sì fi ìka ológíríìsì kàn án, torí páàdì tó ń mú dísìkì, bó bá ti mu epo, kì í sábà dára mọ́. Wáyà bíréèkì tuntun pẹ̀lú rọ́bà tó bò ó kì í wọ́n, síbẹ̀ òun ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo ń pààrọ̀.

Bí gíà bá ń fò, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù méjì tó wà lára gíà ẹ̀yìn, tó ní H àti L lára. Ààlà nìkan ni wọ́n ń pa fún ṣéènì: H lójú eyín tó kéré jù, L lójú eyín tó tóbi jù kó má bàa wọ sípóòkù. Wọn kì í déédéé yí fúnra wọn. Wáyà ló sábà ń fà á. Níbi tó ti wọ gíà ẹ̀yìn, kókó kan wà tí a ń fọwọ́ yí. Bí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gun eyín ńlá, ẹ yí i sí òsì díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kẹ́ ẹ tún dán an wò. Àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣubú sápá ọ̀tún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Eyín kékeré méjì inú gíà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì. Bí ìsàlẹ̀ bá ti tẹ̀ sínú, irin pẹlẹbẹ tó so gíà mọ́ férémù ló wọ́. Ẹ má lo gíà tó rọrùn jù lọ títí wọ́n á fi tún un ṣe, torí gíà náà lè kó sínú sípóòkù, kí táyà sì dúró lójijì.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí, tó ṣì ń dùn ún lọ́wọ́ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó lè wá máa ronú fọ́ọ̀kì. Tòkúnbọ̀ tó dára wà, ṣùgbọ́n ẹ gbé férémù yín dání lọ. Ọrùn fọ́ọ̀kì àtijọ́ fẹ̀ tó 1⅛ ínṣì, ti tuntun a máa fẹ̀ sí i nísàlẹ̀, kò sì ní wọ férémù àtijọ́. Ọrùn tí wọ́n ti gé kúrú fún kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn lè má tó tiyín. Férémù tí wọ́n ṣe fún fọ́ọ̀kì tó ń lọ sílẹ̀ mílímítà 100, ẹ má gbé ti 140 sí i. Yóò gbé iwájú ga, ọrùn férémù ni yóò sì máa jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wọlé-jáde, kẹ́ ẹ fi èékánná rọra pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ níbikíbi, ibẹ̀ ni epo yóò ti máa jò. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.