Ta ló yọ ẹsẹ wọ̀nyẹn kúrò nínú Bíbélì?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tí kì í kú. Bó bá rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, á tún yọjú lórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, tòun ti ìkìlọ̀ pé kí ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó ń tẹ Bíbélì èdè Òyìnbó òde òní, pàápàá NIV, ti yọ ọ̀rọ̀ 64,575 àti odindi ẹsẹ 45 kúrò nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má baà mọ òtítọ́. Á wá to ẹsẹ kalẹ̀: Mátíù 17:21, Mátíù 18:11, Máàkù 9:44, Jòhánù 5:4, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8:37. Ẹ ṣí Bíbélì orí fóònù yín, ẹ fojú ara yín rí i!

Ẹni tó bá ṣí i á sì rí i lóòótọ́. Nínú Mátíù 17, ẹsẹ 22 ló tẹ̀ lé ẹsẹ 20. Ibi tí agbára àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà nìyẹn: ohun tó ní ká lọ wò wà níbẹ̀ bó ṣe wí. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi nọ́ńbà ẹsẹ léèrè ibi tó ti wá. Mátíù kò fi nọ́ńbà sí ìwé rẹ̀, Pọ́ọ̀lù náà kò fi sí tiẹ̀. Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò nínú Májẹ̀mú Tuntun dòní, nínú ẹ̀dà èdè Gíríìkì tó tẹ̀ jáde ní Geneva lọ́dún 1551. Ohun tó wà nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló fi nọ́ńbà sí. Ìwé yẹn sì gbára lé iṣẹ́ Erasmus, ẹni tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì ní Basel lọ́dún 1516. Ìwé àfọwọ́kọ díẹ̀ ni Erasmus rí lò, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì dàgbà ju nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá lọ. Fún ìwé Ìfihàn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn sì ti já kúrò lára rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó gbé Bíbélì èdè Látìn, ó túmọ̀ ẹsẹ mẹ́fà tó kẹ́yìn padà sí Gíríìkì fúnra rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe King James, Bíbélì èdè Òyìnbó àtijọ́, ní 1611 tẹ̀ lé. Mi ò fi wọ́n ṣẹlẹ́yà o. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìwé tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ wá bọ́ sójú táyé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Vaticanus ti wà ní ilé ìkówèésí póòpù ní Róòmù tipẹ́, àmọ́ kò dọ́wọ́ àwọn tó ṣe King James. Sinaiticus ní tirẹ̀ wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ti Saint Catherine lẹ́sẹ̀ Òkè Sínáì ní Íjíbítì. Tischendorf, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, rí apá kan rẹ̀ níbẹ̀ ní 1844, ó sì padà lọ rí èyí tó pọ̀ jù ní 1859. Wọ́n gbé e dé Rọ́ṣíà. Ní 1933, ìjọba Soviet tà á fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní £100,000, ibẹ̀ náà ni ìpín tó tóbi jù wà títí dòní. Ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n kọ àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé wọ́n fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju King James lọ. Mátíù 17:21 kò sì sí nínú Vaticanus. Nínú Sinaiticus, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìwé náà kò kọ ọ́. Ẹlòmíràn tó wá ṣàtúnṣe ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀ ló fi kún un. Irú àwọn ìwé àtijọ́ yìí ni àwọn tó túmọ̀ NIV tẹ̀ lé.

Ẹsẹ 21 yìí gan-an ló ń dun àwọn ènìyàn wa jù, torí òun ló sọ pé irú ẹ̀mí èṣù yìí kì í jáde bí kò ṣe nípa àdúrà àti àwẹ̀. Báwo ló ṣe dé inú Mátíù? Máàkù 9 sọ ìtàn kan náà, ọ̀rọ̀ àdúrà sì wà ní ẹsẹ 29 rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ fi àwẹ̀ kún un níbẹ̀. Adàwékọ tó ti mọ Máàkù sórí, tó wá ń da Mátíù kọ, ọwọ́ rẹ̀ lè yà, bí ẹni tó ń lé orin ìjọ ṣe máa ń bọ́ sínú orin mìíràn tó ní ohùn kan náà. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀, Mátíù 6:16 sí 18 wà níbẹ̀ fún un, Ìṣe 13:2 àti 3 náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ṣe rí nìyẹn. Ohun tí Mátíù 18:11 sọ wà nínú Lúùkù 19:10. Ọ̀rọ̀ kòkòrò tí kì í kú àti iná tí kì í kú, èyí tó wà ní Máàkù 9:44 àti 46, ṣì wà ní ẹsẹ 48. Èmi ò mọ irú ẹni tó máa fẹ́ pa ọ̀run àpáàdì rẹ́, tó máa wá fi ẹsẹ 48 sílẹ̀. Jòhánù 5:4, níbi tí áńgẹ́lì ti ń ru omi adágún, jọ àlàyé tí ẹnì kan ṣe kí òǹkàwé lè lóye ohun tí aláìsàn náà ń sọ ní ẹsẹ 7. Kódà, lára àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó gbé e, àwọn kan fi àmì sí i lára láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ yìí kò dá wọn lójú.

Ti Ìṣe 8:37, níbi tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kó tó ṣèrìbọmi, le díẹ̀. Etí ìwé ni Erasmus ti rí i, ó gbà pé àwọn adàwékọ ló fò ó, ló bá fi sínú ìwé tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé Gíríìkì kò ní in, àtèyí tó dàgbà àtèyí tí kò dàgbà. Síbẹ̀, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan nínú ìjọ àtijọ́, ti mẹ́nu kan ìjẹ́wọ́ yẹn ní ọ̀rúndún kejì, nítorí náà kì í ṣe àná ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀. Ó jọ mí pé àṣà ìjọ nígbà ìrìbọmi ló wọnú ìtàn náà, àmọ́ mi ò ní bá ẹni tó bá rò ó lọ́nà mìíràn jà.

Ká ní àwọn tó tẹ NIV fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ ni, ṣebí wọn ì bá pe ẹsẹ 22 ní ẹsẹ 21, ta ni ì bá fura? Wọ́n fi àlàfo náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i, wọ́n sì kọ ẹsẹ náà sísàlẹ̀ ojú ìwé. Orí fóònù, ẹ ní láti tẹ àmì kékeré kan kí ó tó hàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀. King James ti 1611 pàápàá ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: ní etí Lúùkù 17:36, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹsẹ náà kò sí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀dà Gíríìkì. Ní ti ọ̀rọ̀ 64,575 yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ka Holy Ghost tó di Holy Spirit mọ́ ohun tí wọ́n yọ!

Ẹ wá yí i padà, kí ẹ ka Júúdà ẹsẹ 25. Àwọn ìwé àtijọ́ ní “nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa” níbẹ̀, NIV náà ní in. King James kò ní in. Ṣé King James ló yọ orúkọ Jésù ni? Rárá o, kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lé ni. Bákan náà, Máàkù 16:9 sí 20 àti ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà nínú Jòhánù 8 kò sí nínú Vaticanus àti Sinaiticus, síbẹ̀ NIV tẹ méjèèjì jáde, ó kàn ṣàlàyé pé wọn kò sí nínú àwọn ìwé tó dàgbà jù.

Gbogbo ọ̀mọ̀wé kọ́ ló fara mọ́ pé kí ìwé tó dàgbà jù máa borí. Àwọn kan wà tó ń jà fún ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé àfọwọ́kọ bá sọ, bí wọn ò tiẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tiwọn gbà kí Mátíù 17:21 dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn náà tẹ Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì tiwọn jáde, Ìṣe 8:37 kò ráyè nínú rẹ̀, Lúùkù 17:36 náà kò ráyè.