Ojú kún rọ̀bọ̀tọ̀, àyẹ̀wò ní kọ́tísọ́ọ̀lù kéré: báwo ló ṣe jẹ́?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin ń ta léèsì ní ọjà Balógun l'Ékòó. Láàárín ọdún kan, ojú rẹ̀ kún rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn rẹ̀ yọ, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tín-ín-rín sí i. Bó bá jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi kó fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde. Ẹ̀jẹ̀ ríru dé, ṣúgà náà ga. Dókítà ní ó jọ pé stẹ́rọ́ìdì ló pọ̀ jù lára rẹ̀. A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ ò tó nǹkan. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni stẹ́rọ́ìdì tí ara wa ń ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín ló ń ṣe é, òmíràn tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Bí stẹ́rọ́ìdì bá ń ti ìta wọlé, ọpọlọ á rí i pé ó ti tó, kò ní pàṣẹ mọ́, àwọn tó wà lórí kíndìnrín á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe, kọ́tísọ́ọ̀lù nìkan ló ń wá. Kò rí àwọn stẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ oògùn: kò rí dexamethasone, kò rí clobetasol. Nítorí náà, kọ́tísọ́ọ̀lù tó kéré lára ẹni tó rí báyìí ń sọ fún wa pé nǹkan kan ń wọlé láti ìta.

Ìbéèrè: Ó ní òun ò lo stẹ́rọ́ìdì rí láyé òun.

Ìdáhùn: Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ lójú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́jà pé òun fẹ́ ra stẹ́rọ́ìdì. Ẹ bi í léèrè ìpara tó ń lò. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń po ó: wọ́n á da ìpara funfun sínú abọ́, wọ́n á fún ìpara inú túùbù méjì tàbí mẹ́ta lé e, wọ́n á rò ó títí á fi dọ́gba, wọ́n á wá bù ú sínú ike tí kò ní orúkọ kankan lára. Clobetasol sábà máa ń wà nínú irú túùbù bẹ́ẹ̀. Oògùn gidi ni, dókítà awọ ara máa ń kọ ọ́ fún àìsàn awọ ara tó le, ṣùgbọ́n kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì léraléra lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 50 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó ń fi í para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọdún yípo, ara rẹ̀ ń fà á mu wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ tún béèrè oògùn ara ríro, àwọn hóró aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, àti èyí tí àwọn obìnrin ń lò láti sanra. Stẹ́rọ́ìdì bíi dexamethasone tàbí prednisolone ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Agbo làkúrègbé náà ńkọ́? Ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n ti bá dexamethasone nínú oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ni. Agbo tó bá lé ìrora ọdún mẹ́ta lọ lóru ọjọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fura sí i.

Ìbéèrè: Kó yáa kó gbogbo rẹ̀ dànù lónìí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí lẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ẹ̀yà ara tó ti pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ kì í jí lọ́jọ́ kan. Bí ti ìta bá dúró lójijì, tí ti inú ò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ó lè máa bì, kí inú máa dùn ún, kó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní lè dúró, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kó sì dákú. Ibà lásán tàbí iṣẹ́ abẹ lè mú kó yára ṣẹlẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí èèyàn.

Dókítà ló máa fún un ní stẹ́rọ́ìdì bíi hydrocortisone tàbí prednisolone tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dé nǹkan bíi 5 mg prednisolone lójúmọ́, ìdínkù náà á túbọ̀ rọra. Wọ́n á wá máa yẹ kọ́tísọ́ọ̀lù wò ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kó tó lo oògùn ọjọ́ náà, láti mọ̀ bóyá ara ti ń jí. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè lé lọ́dún kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, kó ní ìwé kan nínú báàgì tó sọ pé stẹ́rọ́ìdì ni òun ń lò. Bí ibà bá mú un, kó pe dókítà, wọ́n lè fi kún oògùn náà fún ọjọ́ díẹ̀. Kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà náà lọ, kí wọ́n yẹ eegun rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí stẹ́rọ́ìdì máa ń jẹ eegun.

Ìbéèrè: Tèmi, gíga ni kọ́tísọ́ọ̀lù mi ga. N kì í bóra, n kì í lo agbo.

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti dájọ́. Kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń ga láàárọ̀, á lọ sílẹ̀ lọ́gànjọ́. Oyún àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní ẹ́sítírójìn máa ń gbé e sókè láìsí àrùn kankan. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò itọ́ alẹ́, tàbí ti ìtọ̀ odidi wákàtí 24, tàbí kí wọ́n fún yín ní dexamethasone 1 mg ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Lára ẹni tó dá ṣáṣá, kọ́tísọ́ọ̀lù á já sí ìsàlẹ̀ 1.8 µg/dL. Bí kò bá já, ó lè jẹ́ pé kókó kan ló wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tàbí lórí kíndìnrín, wọ́n á fi ẹ̀rọ yàwòrán rẹ̀. Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ló kọ nípa ti ọpọlọ yìí ní 1932, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Kò wọ́pọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, ihò imú ni wọ́n sábà máa ń gbà dé ti ọpọlọ. Bí iṣẹ́ abẹ kò bá ṣeé ṣe, oògùn bíi metyrapone tàbí ketoconazole wà tó ń dín kọ́tísọ́ọ̀lù kù.

Ìbéèrè: Ibo la máa gbà lọ?

Ìdáhùn: Ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, l'Ékòó, ní àwọn dókítà tó mọ̀ nípa họ́mọ́ònù, irú bíi kọ́tísọ́ọ̀lù yìí, dunjú. Kí àbúrò yín kó gbogbo ohun tó ń fi para àti ohun tó ń gbé mì sínú ọ̀rá kan dání: ìpara, ọṣẹ, hóró oògùn, ìgò agbo. Èyí tí kò lórúkọ, kó gbé e bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ike rẹ̀. Kó má sì fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú, torí ohun tí dókítà bá rí lórí tábìlì yẹn ló máa fi mọ ìwọ̀n tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.