Ìwé-ẹ̀rí kọ́ ló ń sọ ìbuwọ́lù di ojúlówó

Bí èèyàn bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù tàbí fọ́tò tí gbajúmọ̀ eléré ìdárayá buwọ́ lù, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ó ní ìwé-ẹ̀rí?" Tó bá ti rí ìwé dídán tó ní òǹtẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù, ṣé ìwé ni yóò wá ṣòro fún un láti tẹ̀?

Ìwádìí Operation Bullpen tí àjọ FBI ṣe ní Amẹ́ríkà lápá ìparí àwọn ọdún 1990 fi èyí hàn. Tony Gwynn, agbábọ́ọ̀lù baseball fún San Diego Padres, ta wọ́n lólobó pé ó jọ pé ayédèrú ìbuwọ́lù òun wà lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ òun gan-an. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù àwọn ọ̀daràn tó ń ṣe ayédèrú náà, wọ́n bá bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, sí. Ìwé-ẹ̀rí sì ń bá ọjà wọn rìn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Babe Ruth, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball, kú lọ́dún 1948. Nígbà náà, wọ́n máa ń tẹ orúkọ ààrẹ American League, ọ̀kan lára líìgì baseball ńlá ní Amẹ́ríkà, sára bọ́ọ̀lù líìgì náà, ọdún 1959 ni Joe Cronin sì dé ipò yẹn. Tí ẹ bá rí ìbuwọ́lù Ruth lórí bọ́ọ̀lù tó ní orúkọ Cronin, ẹ gbé e sílẹ̀. Báírò náà ń sọ̀rọ̀: 1941 ni Lou Gehrig, agbábọ́ọ̀lù baseball mìíràn, kú, 1945 ni báírò dé ọjà Amẹ́ríkà.

Ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìlà náà. Ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré kí gègé tó kan ìwé, ó sì ń sáré lọ nígbà tó ń gbé e kúrò, ìdí nìyẹn tí ìparí ìlà fi máa ń tín-ín-rín. Ẹni tó ń wo ti ẹlòmíì kọ máa ń rọra fà á: ìlà á gbọ̀n, yíǹkì á ṣù síbi tó ti dúró ronú. Àmọ́ èyí tó ti fi ọdún kọ́ ọwọ́ ẹlòmíì lè sáré bíi ti olówó orúkọ, èyí sì máa ń dà mí láàmú.

Ìdí nìyí tí ẹlẹ́rìí fi ṣe pàtàkì jù. Láti ọdún 2001 ni Major League Baseball, àjọ tó ń darí líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ti ń fi èèyàn dúró ti agbábọ́ọ̀lù bó ṣe ń buwọ́ lù nǹkan. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lẹ àmì tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ nọ́ńbà náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ojú rí nìyẹn. Ìwé-ẹ̀rí yòókù, èrò ẹni tó fọwọ́ sí i ló wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹni tó ń tajà náà ni. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ìwé, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́?