Kí ẹ tó dá tukọ̀ lórí Odò Ọ̀ṣun, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti gúnlẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èèyàn lè wọ káyáàkì l'Óṣogbo kó sì tù ú dé ọ̀sà?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìwẹ̀ àti ìtukọ̀. Wọ́n ti rí òyìnbó nínú fídíò tó ń dá tukọ̀ láti ìlú dé ìlú. Òótọ́ ni pé odò wa náà rìn jìnnà: Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ó gba Òṣogbo àti Ẹdẹ kọjá, ó bọ́ sínú adágún Aṣéjìrẹ́, kó tó lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń bi wọ́n padà ni pé: níbo lo ti fẹ́ sọ̀?

Káyáàkì kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àwọn apẹja. Èèyàn á nasẹ̀ sínú rẹ̀, àjẹ̀ rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ lórí àti nídìí. Ó fúyẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ò ju kílò 20 sí 30 lọ. Ohun tó dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn lójú tèmi, ju eré tó ń sá lọ: ẹ lè gbé e jáde nínú omi, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ibi tí kò dáa.

Ibi tí kò dáa tí mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ ni igi tó wó sódò. Igi bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìtàn ìlú wa. Nígbà tí Lárọ́óyè àti Tìméhìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, gé igi, tó wó lu omi, ohùn kan ké láti inú odò pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Bí ẹ bá wà nínú káyáàkì, ẹ̀yin ni ìkòkò. Omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá bí ẹni ń sẹ́ ògì, ọkọ̀ àti èèyàn inú rẹ̀ á há síbẹ̀, omi ò sì ní í yé tì wọ́n. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mùwẹ̀ fi ń bómi lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tó ń gbọ̀n lójú omi, tí kò sì sí afẹ́fẹ́, ẹ tètè yà sí bèbè. Ẹ má dúró wò ó.

Ìdídò kéékèèké, ìyẹn ògiri kúkúrú tí wọ́n mọ dábùú odò, burú ju bó ṣe rí lọ. Láti òkè, ẹ ò ní í rí nǹkan kan ju ìlà tó tẹ́jú lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni omi ti ń yí padà sẹ́yìn, tó ń fa ẹni tó bọ́ síbẹ̀ wálẹ̀ léraléra. Ẹ gbé ọkọ̀ jáde kí ẹ tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò wá ńkọ́? Ojú ọ̀run Òṣogbo lè mọ́ kedere, kí odò sì máa kún, nítorí òjò tó rọ̀ sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló ń bọ̀. Ẹni tó bá pàgọ́ sójú iyanrìn létí omi á jí sínú omi. Èmi máa ń dúró di oṣù kọkànlá, nígbà tí àgbàrá ti dáwọ́ dúró tí àpáta ò sì tíì yọ tán.

Ìsàlẹ̀ Igbó Ọ̀ṣun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, ẹja pípa pàápàá èèwọ̀ ni níbẹ̀. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa tukọ̀ gba iwájú ojúbọ láìtọrọ àyè.

Ní abúlé tí ẹ bá dé, ẹ kí àwọn tó ń fọṣọ kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú yín dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Ẹni tó wọ ìlú láti inú omi ní ìrọ̀lẹ́, tó wọ life jacket (ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì), kò jọ àlejò lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé omi mímu dání láti ilé. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di pupa, sísè sì lè pa kòkòrò, kì í yọ mákúrì, èròjà olóró tí wọ́n fi ń yọ góòlù.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn kẹ́yìn, mo ní kó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà tọ bèbè odò lọ sí apá Ẹdẹ, kó kọ gbogbo ibi tí èèyàn lè sọ̀ sílẹ̀. Ó lo ọjọ́ méjì. Ibi mẹ́rin ló rí, igi dí ọ̀kan nínú wọn pa. A ò tíì gbé ọkọ̀ sómi.